Ta Ló Ni Òkè Náà?

Lójú ọ̀nà ìrìn-àjò ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí, mi ò sì tíì rí ìdí rẹ̀ tán.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, nígbà tí ewé igi ń wọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, èmi àti àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà lọ sí Abiquiú, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Aṣálẹ̀ ni ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé iyanrìn lásán ni o. Àpáta pupa, àpáta rúsúrúsú, àpáta funfun bí ẹfun, wọ́n to léra wọn bí aṣọ tí a ká sínú àpótí. Odò Chama gba àárín wọn kọjá, àwọn igi etí odò náà sì ti pọ́n bí wúrà. Lókèèrè ni òkè kan wà tí orí rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, bíi pé ẹnì kan fi àdá gé e. Pedernal ni wọ́n ń pè é. Gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà.

Georgia O'Keeffe, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1887, ló sọ òkè náà di olókìkí. Ó ra ilé sí àgbègbè náà ní 1940, ó sì kó wá síbẹ̀ pátápátá ní 1949. Ó ya òkè yìí láìmọye ìgbà. Ó tilẹ̀ máa ń sọ pé Ọlọ́hun ti sọ fún òun pé bí òun bá yà á tó, yóò di ti òun. Nígbà tó kú ní 1986, orí òkè náà ni wọ́n da eérú rẹ̀ sí.

Àwàdà ló fi ń ṣe, mo mọ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé ìfẹ́ tí a ní sí nǹkan lè sọ ọ́ di tiwa?

Kí O'Keeffe tó dé, àwọn Tewa, ọmọ onílẹ̀, ti ń fọ́ òkúta lára òkè náà láti fi ṣe ọ̀bẹ àti orí ọfà. Pedernal fúnra rẹ̀, akọ òkúta tí wọ́n fi ń ṣáná ló túmọ̀ sí ní èdè Sípéènì. Ní 1754, ìjọba Sípéènì fún ìdílé 34 ní ilẹ̀ Abiquiú. Genízaro ni wọ́n ń pe àwọn wọ̀nyí: ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n tà, tí wọ́n sìn nínú ilé àwọn ará Sípéènì títí èdè ìyá wọn fi bọ́ lẹ́nu wọn. (Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn: láti ara orúkọ àwọn ọmọ ogun ọba Ottoman nílẹ̀ Túúkì ni genízaro ti wá.) Àtọmọdọ́mọ wọn ṣì wà ní abúlé náà títí dòní. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán O'Keeffe, òkè lẹ máa rí, egungun màlúù, ojú ọ̀run, àti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbà wọlé. Ẹni tó bá wo àwòrán wọ̀nyí ní New York lè rò pé ilẹ̀ tí kò lólúwa ni.

Èmi náà kò sàn jù ú. Nígbà tí mo fẹ́ ya fọ́tò òkè náà, ọkọ̀ àtijọ́ kan ń bọ̀, bàbá arúgbó kan ló wà á, igi ìdáná ló rù. Mo gbé fóònù sọ́wọ́, mo dúró kó kọjá tán kí ó má baà ba fọ́tò mi jẹ́. Bàbá náà juwọ́ sí mi bó ṣe ń kọjá.

Mọ́sálásí wà ní Abiquiú o. Dar al Islam ni orúkọ rẹ̀. Hassan Fathy, ará Íjíbítì, ló ya àwòrán ilé náà. Ní 1980 ó mú àwọn mọlémọlé ará Nubia wá láti fi bí wọ́n ṣe ń fi bíríkì alámọ̀ ṣe òrùlé rìbìtì hàn. Amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ fi ń kọ́lé. Adobe ni wọ́n ń pe bíríkì rẹ̀, láti inú al-túb ti èdè Lárúbáwá ló sì ti gba ilẹ̀ Sípéènì débẹ̀. Inú mi dùn bí mo ṣe fọwọ́ kan ògiri yẹn, àfi bí ilé bàbá ńlá mi. Àwọn àpáta funfun tí O'Keeffe máa ń yà sì wà lórí ilẹ̀ Dar al Islam. Ìbéèrè ta ló ni ín kò yọ àwa náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, a jókòó sí etí ọ̀nà níbi tí òkè náà ti hàn. Àbúrò mi mú pákó àti bébà rẹ̀ jáde. Mo sọ ohun tó ń dùn mí fún un.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó fọ́ òkúta níbẹ̀ ló mú nǹkan lọ. Ẹni tó yà á, kí ló mú?"

Mo ní, "Ó mú àwọn ènìyàn kúrò níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá wá ya ènìyàn sí i, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ sọ pé èèwọ̀ ni?"

Ẹnu mi wọhò. Òtítọ́ ni. Ìmọ̀ràn tí Ibn Abbas fún ayàwòrán ni pé kí ó máa ya igi àti ohun tí kò lẹ́mìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì dì í mú. N kò ní kí ẹnikẹ́ni tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ènìyàn sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun àti ẹni tó fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ń ba ojú ilẹ̀ jẹ́, àwòrán kan náà ni àwọn méjèèjì máa gbé jáde. Báwo lẹni tó ń wò ó yóò ṣe mọ̀yàtọ̀? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó yà á nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Èmi mọ èyí tí mo ṣe sí bàbá onígi yẹn.

Kò dá mi lóhùn mọ́. Ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ àfonífojì fún ìgbà díẹ̀, ó wá ya òrùlé àwọn ilé tó wà níbẹ̀ síwájú òkè náà, èéfín ń rú lórí méjì nínú wọn. Ó ya ọ̀nà náà, ó sì ya ipa táyà ọkọ̀ sójú ọ̀nà. Òòrùn ti ń wọ̀, òtútù ti dé. A kó ẹrù wa, a wá omi lọ fún àlùwàlá Mángàríbà.