ÀPÁ KÌ Í ṢE OHUN ÌTÌJÚ

Bíbélì Kíkà: Jòhánù 20:19-29

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ sókè nínú ìpàdé. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú ni, àti ti obìnrin tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà bọ́.

Ẹ̀rù ikú nìkan kọ́ ni kì í jẹ́ kí obìnrin tètè lọ sí ọsíbítù. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù ohun tí ara yóò dà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kí ni ọkọ mi yóò wí? Báwo ni bùbá aṣọ ẹgbẹ́ yóò ṣe jókòó lára mi? Báyìí ni kókó kékeré tí kò dun ni yóò ṣe máa dàgbà ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn kan a tún máa pòwe pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmú kì í ṣe orí. Ẹlòmíràn tí Ọlọ́run sì yọ, kò wá sí ìpàdé mọ́, tàbí kí ó jókòó sẹ́yìn, kí ó fi ìborùn bo àyà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Olúwa wa. Nígbà tí ó jí dìde, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì kò dí i lọ́wọ́. Síbẹ̀ àpá ìṣó wà ní ọwọ́ rẹ̀, ojú ọ̀kọ̀ sì wà ní ìhà rẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ́gun ikú lè pa àpá rẹ́ bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́ níbẹ̀.

Èkíní: Àpá kì í ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run kọ ènìyàn. Ẹ̀rí ni pé ogun jà, ẹni náà kò sì bógun lọ. Ní 1997, àyẹ̀wò fi hàn pé Betty Anyanwu-Akeredolu ní jẹjẹrẹ ọmú. Kò fi pamọ́. Ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ di gómìnà Oǹdó ní 2017, ogún ọdún ti kọjá lórí àyẹ̀wò náà.

Èkejì: Inú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì ni Jésù ti fi àpá hàn, láàrin àwọn tí ó fẹ́ràn. Kò gbé e lọ sí ọjà Jerúsálẹ́mù. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti bi obìnrin ní gbangba pé, "Èwo ni wọ́n gé níbẹ̀?" Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ní ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí ó lè sọ fún láìbẹ̀rù. Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ wa ní Ṣómólú àti Bàrígà jẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀kẹta: Ìtọ́jú ara kì í ṣe àìnígbàgbọ́. John Wesley fúnra rẹ̀ ṣí ilé ìpín-oògùn fún àwọn aláìní ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1746. Àwọn kan ń béèrè bóyá asán ni kí obìnrin ní kí wọ́n tún ọmú òun ṣe. Ẹni tí ó ń lo awò ojú tàbí eyín àtọwọ́dá, ṣé asán ni ó ń ṣe? Àwọn dókítà lè mú awọ àti ọ̀rá láti ikùn obìnrin náà, tàbí ẹran ara láti ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n sì lè fi ohun àtọwọ́dá sí i. A lè ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọmú, tàbí kí ó di ìgbà mìíràn. Ó gba owó, ó gba sùúrù. Kí obìnrin bi dókítà rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́, tàbí tí agbára rẹ̀ kò ká a, kò dẹ́ṣẹ̀. Télọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ lè rán àpò kékeré sínú kọ́mú, kí a fi fóòmù sí i pẹ̀lú ohun tí ó wúwo díẹ̀, kí ó lè dúró síbi tí ó yẹ. Irun tí oògùn mú kí ó re sábà máa ń hù padà. Bí apá bá ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ó má dákẹ́. Kí ó tètè sọ fún dókítà.

Ẹ̀yin ará, ẹ máa fọwọ́ yẹ ọmú yín wò. Bí ẹ bá rí kókó, ẹ má fi àwẹ̀ sún un síwájú. Ẹ lọ sí ọsíbítù, kí ẹ sì máa gbàdúrà lọ. Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní 2019, kò jìnnà sí wa. Bí arábìnrin wa bá ń lọ, kí ẹnìkan bá a lọ. Bí ó bá padà dé, ẹ fi í sí ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ẹ má fi ojú àánú lé e sẹ́yìn. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọkùnrin yín pé ènìyàn ni a ń gbé níyàwó, kì í ṣe ọmú.

Kí Olúwa tí ó gbé àpá rẹ̀ jáde kúrò nínú ibojì tu gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn nínú. Àmín.