Ọwọ́ Kan Kò Gbẹ́rù Dórí

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ìrànlọ́wọ́ la sábà máa ń fi òwe yìí tọrọ. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ọwọ́ méjì ló gbé ẹrù, orí kan ló gùn. Ẹni tó bá pàdé aláàárù lọ́nà, orí ló máa rí. Kò ní mọ ẹni tó bá a gbé e rù.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe rí ní Mowe, Ibafo àti Ifo, lẹ́bàá Èkó. Tọkọtaya tí owó ilé Èkó lé jáde ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, wọ́n ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ ọkọ ló wà lórí rìsíìtì ilẹ̀. Ìyàwó fi owó àjọ ra búlọ́ọ̀kù, ó se oúnjẹ fún bíríkìlà, ó ń fi èrè ọjà bọ́ ilé kí owó oṣù ọkọ lè di sìmẹ́ńtì. Ta ló ń kọ rìsíìtì fún ọbẹ̀?

Bí ìgbéyàwó alárédè bá tú, abala 72 òfin ìgbéyàwó ọdún 1970 gba adájọ́ láyè láti pín dúkìá bó ṣe tọ́. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kò sí nínú òfin yẹn. Nínú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní òun fọwọ́ kan ẹrù náà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn. Ó le jù, lójú tèmi. Nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu lọ́dún 1992, ọkọ ti ta ilé, ìyàwó ní àwọn méjèèjì làwọn jọ kọ́ ọ. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìyàwó náà kò ṣàlàyé ohun tó dá sí i àti bó ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ra ilé ló jàre.