Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Gbèsè Ẹni tí ó Lọ Wo Ìlú Onílùú

Nínú ohun tí ẹ̀dá fi ń dára yá, ìrìn-àjò afẹ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kò kẹ́yìn. Bí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dá owó jọ, kí wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí wọn kò dé rí, kí wọ́n sì wo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ẹni tí ó lọ wo ìlú onílùú, ǹjẹ́ ó jẹ ìlú náà ní gbèsè kankan? Àwọn kan yóò dáhùn pé kò jẹ ẹ́ ní ohunkóhun, nítorí pé ojú lásán ni ó fi wò ó, wíwò kì í sì í dín nǹkan kù. Èrò yìí kò tọ̀nà, n ó sì gbìyànjú láti sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní agbègbè Òkè-Ògùn wa yìí, ní ìhà Ìsẹ́yìn, ni Adó-Àwáyè wà. Ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn tí ó ju 300 lọ ní ara òkè náà yóò bá omi Ìyàkẹ̀ lórí àpáta. Ojú àlejò yóò rí omi, yóò rí àpáta, yóò sì rí pápá ọ̀dàn tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Adó rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí òkè yẹn ni àwọn baba ńlá rẹ̀ tẹ̀dó sí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ibi ìwúre sì ni omi yẹn jẹ́ fún wọn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọn kò bú àlejò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé wíwòran ọ̀tọ̀, ríríran ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ríran ní láti bi onílé léèrè.

Bí a bá wọ Ìsẹ́yìn gan-an, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí pé ènìyàn ni ìran níbẹ̀. Ìlú yìí gbajúmọ̀ fún aṣọ òkè híhun. Ká ní àwọn ọ̀rẹ́ kan dúró ti ahunṣọ kan nídìí òfì, wọn kò kí i kú iṣẹ́, wọ́n yọ kámẹ́rà, wọ́n yà á títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Òwú kan kò já lára aṣọ rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù lápò rẹ̀. Síbẹ̀, inú rẹ̀ kò ní dùn. Ènìyàn ni à ń kí. Nǹkan ni à ń wò lásán. Wọ́n ti kà á mọ́ òfì tí ó jókòó tì.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìlú Kyoto, ní orílẹ̀-èdè Jàpáàn, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Gion, níbi tí àwọn geisha, àwọn obìnrin tí ó fi orin, ijó àti ìṣàlejò ṣe iṣẹ́, ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn arìnrìn-àjò a máa dènà dè wọ́n, wọn a sì máa yà wọ́n láìgbàṣẹ. Ní ọdún 2024, àwọn ará àdúgbò náà sọ pé àlejò kò gbọdọ̀ wọ àwọn ọ̀nà tóóró tí ó jẹ́ ti àdáni mọ́. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ yóò san yen 10,000. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ìlú Fujikawaguchiko ta aṣọ dúdú gíga dí ibi tí èrò ti ń ya Òkè Fuji, nítorí pé wọ́n ń da ìdọ̀tí sílẹ̀, wọ́n sì ń sá la títì kọjá bí ó ti wù wọ́n. Wíwò kò sọ Òkè Fuji di kékeré. Ìfọ̀kànbalẹ̀ àwọn tí ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó dín kù.

Ǹjẹ́ kí olúkúlùkù wá jókòó sílé bí? Rárá o. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ìrìn-àjò a máa wo ìgbéraga sàn, owó àlejò a sì máa ran onílé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó ìwọlé kò ra ohun gbogbo. Ó ra ọ̀nà; kò ra ọ̀wọ̀ onílé.

Àtakò kan ṣì kù. Ta ni ó ni àṣẹ láti sọ pé kí àlejò má wọ ibì kan? Ẹ wo Ìgbòho, níbi tí ibojì Aláàfin mẹ́rin wà. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọlọ́jà lè fẹ́ kí èrò máa wọ́ wá, kí àwọn àgbà sì fẹ́ kí igbó náà wà ní títì; ẹlòmíràn lè má tilẹ̀ ka ibẹ̀ sí nǹkan kan mọ́. Ní èrò tèmi, ẹni tí ohun tirẹ̀ kò ní àtúnṣe bí ó bá bàjẹ́ ni kí á gbọ́ tirẹ̀. Ọjà tí kò tà lónìí lè tà lọ́la; ibojì tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ṣeé dá padà sí ipò ọ̀wọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ohùn onílé kò bá ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní kí a ṣọ́ra ni kí àlejò tẹ̀ lé. Fọ́tò kan péré ni yóò pàdánù.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ má dẹ́kun ìrìn-àjò. Ṣùgbọ́n bí a bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ibi ìtàn, tí wọ́n sì padà dé, kí á má bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí nìkan. Kí á bi wọ́n pé: ta ni ẹ kí níbẹ̀, kí ni ó sì sọ fún yín?