Kí Ọ̀rọ̀ Tó Kúrò Lẹ́nu

Inú ni ìbínú ti ń wá. Orúkọ rẹ̀ gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá dẹ́rù bà wá, àyà wa á já. Bí a bá ṣe ohun ẹ̀tẹ́, ojú á tì wá. Ara ni àwọn baba ńlá wa fi ń mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé àwa tí à ń sọ èdè wọn lónìí ṣì ń fetí sí ara wa kí a tó lanu?

Ní Íńdíà, wọ́n ti sọ irú àkíyèsí yìí di ẹ̀kọ́ láti ayébáyé. Yoga ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tó tan mọ́ síso nǹkan pọ̀, bí ìgbà tí a bá so màlúù méjì mọ́ àjàgà kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún un. Níbí ní Ara, ẹni tó bá rí i lórí fóònù lè sọ pé eré àwọn tí egungun wọn rọ̀ ni. Àwọn mìíràn á sá fún un nítorí pé inú ẹ̀sìn Híńdù ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. N kò bá wọn jà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á, kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mímí kì í ṣe ti ẹ̀sìn kankan. Bí a bá rọra ń mí, tí èémí tí à ń tú síta pẹ́ ju èyí tí à ń fà sínú lọ, àyà tó ń lù kì-kì-kì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ìtàn kan wà tí wọ́n ń sọ nípa ọdún Ògìyán ní Èjìgbò. Awo kan, Awólèjẹ́, jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba. Ó rìnrìn àjò, nígbà tó sì padà, ìlú ti gbòòrò. Ó dé ẹnubodè, ó fi orúkọ ìnagijẹ, ajẹyán, béèrè Eléjìgbò. Inú bí àwọn ẹ̀ṣọ́. Wọn kò bi í pé ta ni. Wọ́n lù ú, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ọdún méje ni òjò kò fi rọ̀, tí àwọn obìnrin kò sì bímọ. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́, ó ní kí ará ìlú máa fi ẹgba na ara wọn lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí Ìsàlẹ̀ Òṣòló àti Òkè Màpó fi ń fi àtòrì bá ara wọn jà lọ́jọ́ ọdún náà. Ẹgba àwọn ẹ̀ṣọ́ kò ní ààlà. Ti ọdún ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń parí. (Lójú tèmi, Awólèjẹ́ náà ní ìpín nínú ẹ̀bi: orúkọ tí a fi ń pe ọ̀rẹ́ nídìí iyán kọ́ la fi ń pè é lẹ́nubodè.)

Àwọn àgbà ní ká dákẹ́ bí inú bá ń bí wa. Dídákẹ́ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ènìyàn mọ ohun tó ń ṣe é. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ wà ní Àbíjàn, bí ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè Èjìgbò. Odindi ọdún kan ló fi dákẹ́ nígbà tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kò wọlé mọ́. Lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀, ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gbogbo ilé ló gbọ́: ó bú ọkọ, ó bú ìyá ọkọ, ó bú àwọn tó ti kú. Ọkọ dáhùn èébú. Kò dáhùn ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé.

Mo rò pé ẹ̀rù ló ń ba obìnrin yẹn láti oṣù kìíní, òun sì pè é ní ìbínú. “Bàálé mi, ẹ̀rù àwọn ọmọ yìí ń bà mí.” Ọ̀rọ̀ yẹn kúrú, síbẹ̀ ó nira láti sọ ju èébú lọ, nítorí pé ẹni tó sọ ọ́ ti ṣí àyà rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan á ní ẹni tó bá ń rọra mí báyìí ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó ilé-ìwé náà ló ṣì ń béèrè, ọkọ kò sì ní rí èébú kankan fi ṣe àwáwí.