Ta Ni Yóò Jẹ Èso Orí Pẹpẹ?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

  Ọ̀pọ̀ nínú yín ló gba Mapo, Bẹẹrẹ tàbí Bẹ́yẹrúnkà kọjá kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Oníyanrìn, ẹ sì mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ti máa ń dí tó. Ọlọ́run tó mú yín dé láyọ̀ yóò mú yín padà délé láyọ̀. Àmín.

Ohun tí a máa ń retí lọ́dọ̀ akọ̀wé nínú ìwé àjọ̀dún ni ìtàn ìjọ àti orúkọ àwọn tó dáwó. Ìwọ̀nyẹn wà ní ojú ìwé mìíràn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni àwa fẹ́ bá yín sọ níhìn-ín, tó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti àjọ̀dún èṣí. Ọ̀rọ̀ èso ni.

Kò sí Aládùúrà tí kò mọ iṣẹ́ èso. Bí a bá ń ṣe ìdúpẹ́, bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, bí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn bá dìde, bí aríran bá ríran sí ènìyàn, èso la máa ń kó wá síwájú pẹpẹ pẹ̀lú àbẹ́là àti omi. Ẹlòmíràn á mú oríṣi mẹ́ta, ẹlòmíràn á mú méje: ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, ìbẹ́pẹ, ìrèké, pẹ̀lú ìgò oyin. Láyé àtijọ́, a ó fọ̀ wọ́n, a ó kó wọn sínú abọ́, ó parí. Ní ọjọ́ òní, àwọn ọmọbìnrin wa ti kọ́ bí a ti í ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, iṣẹ́ wọn sì dára. Wọn á la ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí méjì gbọọrọ pẹ̀lú ewé orí rẹ̀, wọn á gbẹ́ inú rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, wọn á gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́, wọn á sì kó o padà sínú. Wọn á gé wọ́tàmẹ́lọ̀n ní onígun mẹ́ta, wọn á to ọsàn bíbó yí i ká, àwọ̀ kan kò ní fara kan irú ara rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń gé kẹ́yìn, wọn á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí kí ó má baà dúdú. Láàárín tíréè náà ni wọn á gbé abọ́ oyin kékeré sí, pẹ̀lú igi ìtayín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí olúkúlùkù lè fi gún èso, kí ó tẹ̀ ẹ́ bọ oyin, kí ó sì jẹ ẹ́. Ó dùn ún wò, ó sì dùn ún jẹ, bí wọ́n bá jẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn: bí wọ́n bá jẹ ẹ́.

Àjọ̀dún wa èṣí bọ́ sí oṣù kejì, àsìkò àgbálùmọ̀, èyí tí a tún ń pè ní ọ̀sán. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ ra mẹ́fà ní Ọjà'ba, ó dì í sínú náílọ́ọ̀nù, ó sì gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi náà. Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ ṣé o, Màmá, Olúwa á gbà á.” Ṣùgbọ́n ápù àti àjàrà tí wọ́n rà ní ilé ìtajà ńlá ló wà lórí tíréè lọ́jọ́ náà. Wọ́n wo àgbálùmọ̀, wọ́n wo tíréè, wọ́n rí i pé kò bá a mu. Wọ́n bá rọra tì í sábẹ́ tábìlì. Ojú wa ló ṣe. A kò sọ nǹkan kan.

Àwa fúnra wa la tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tíréè náà títí àlejò wa pàtàkì yóò fi dé, kí a lè ya fọ́tò. Àlejò pẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wa kéékèèké, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́fà òwúrọ̀, jókòó síwájú èso náà bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Àwa tí ọwọ́ wa tó o, a kò bá wọn gbé e. Nígbà tí àlejò dé, a ya fọ́tò, a gbàdúrà sí i, ìrẹsì sì ti dé, gbogbo ènìyàn kọrí sídìí oúnjẹ. A gbé tíréè wọ yàrá ẹ̀yìn, a ti ilẹ̀kùn, a fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a ṣílẹ̀kùn, eṣinṣin ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti kan, omi rẹ̀ ń ṣàn sílẹ̀. Oyin nìkan ló kù láàárín tíréè. Bí a ti ń gbálẹ̀ la rí náílọ́ọ̀nù Màmá lábẹ́ tábìlì. Àgbálùmọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì dára, nítorí pé ọ̀bẹ kò kàn án. A pín in fún àwọn ọmọ tó wá bá wa gbálẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fi kóró rẹ̀ ṣeré.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà. Ó ní, “Akọ̀wé, ọmọ mi, ṣé wọ́n jẹ ọ̀sán mi?” A dáhùn pé, “Wọ́n jẹ ẹ́, Màmá. Wọ́n jẹ ẹ́ gan-an.”

Ẹ̀yin ará, ṣé irọ́ la pa tàbí òótọ́ la sọ? Ẹnu wa sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá ń bèèrè kọ́ la dá a lóhùn. Ohun tó ń bèèrè ni pé ṣé ọ̀sán òun dé iwájú Olúwa bí ti àwọn ẹlòmíràn. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. A fi òótọ́ kékeré bo òótọ́ ńlá mọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ ti purọ́.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀, ọ̀nà méjì ló pín sí.

Àwọn kan ní kí a pa ọ̀ṣọ́ rẹ́ pátápátá. Wọ́n ní ìnáwó òfo ni, pé Ọlọ́run kì í jẹ èso, bẹ́ẹ̀ ni kì í wo fọ́tò. A kò fara mọ́ èyí. Ọlọ́run tó kun máńgòrò lọ́dà kò kórìíra ẹwà. Nínú Ìwé Ẹksodu orí 28, òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi òwú aláwọ̀ mèremère ṣe èso pómégíránátì sí ìṣẹ́tí aṣọ Árónì, pẹ̀lú agogo wúrà láàárín wọn. Ìyá tó tú òróró olówó iyebíye dà sórí Olúwa wa nínú Ìwé Máàkù orí 14, àwọn kan pe tirẹ̀ náà ní òfo, Jésù sì gbèjà rẹ̀. Ọwọ́ tó ń gé èso dáadáa ń sìn bí ọwọ́ tó ń lùlù ti ń sìn.

Àwọn kejì ní ohun tó dára jù ló yẹ Ọlọ́run, pé ápù ló dára jù, àgbálùmọ̀ ni èso ojú títì. Àwa béèrè pé: ta ló sọ pé ó dára jù? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìdílé àwọn èso wọ̀nyí wò. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, orúkọ rẹ̀ ti jẹ́wọ́: Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọsàn àti máńgòrò, ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti wá. Àlejò ni gbogbo wọn, a gbà wọ́n, wọ́n di ọmọ ilé, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àgbálùmọ̀, ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín ni a ti bí i. Ní Ìbàdàn yìí náà ni ìjọba dá NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́, sílẹ̀ ní 1975, ní Ìdí-Iṣin, àdúgbò tó jẹ́ pé igi eléso ló fún un lórúkọ. Àwa wá gbé àlejò sórí àga, a ti onílé sábẹ́ tábìlì!

Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe àgbálùmọ̀ nìkan la tì sábẹ́ tábìlì. Ẹ rántí ìdí tí a fi ń wọ aṣọ funfun, tí a fi ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láti 1925 tí Mósè Orímọládé Túnọláṣé àti Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Séráfù ní Èkó ni àwọn ìjọ aláṣọ funfun ti ń fi aṣọ kan náà jọ́sìn, olówó àti tálákà, kí a má baà mọ ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní. Bí a bá bọ́ ipò wa sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà, tí a wá tún gbé e wọlé pẹ̀lú èso, kí la ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìwé Mímọ́. Nínú Deuteronómì orí 26, ọmọ Ísírẹ́lì yóò kó àkọ́so ilẹ̀ rẹ̀ sínú agbọ̀n, àlùfáà yóò sì gbé e kalẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Orí kan náà ló ní kí onítọ̀hún bá ọmọ Léfì àti àlejò yọ̀, kí opó àti aláìníbaba sì jẹ nínú ìdámẹ́wàá kí wọ́n yó. Pẹpẹ kì í ṣe òpin ìrìn àjò èso. Ibùdó ni. Ó ń dúró níbẹ̀ kí ó lè gba ìbùkún, lẹ́yìn náà kí ó máa lọ sẹ́nu ẹni tí ebi ń pa.

Ọlọ́run tilẹ̀ fi òfin yìí sínú èso fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera ní èso tí a bá ti gé kò gbọdọ̀ jókòó ju wákàtí méjì lọ láìsí nínú firíìjì; bí ooru bá mú gidi, wákàtí kan péré. Bí mánà inú Ẹksodu orí 16 ni: ẹni tó fi í pamọ́ di ọjọ́ kejì bá ìdin níbẹ̀. Ọ̀bẹ tó kan èso ti sọ pé kí a pè ẹlòmíràn wá. Wòlíì Ámósì náà rí agbọ̀n èso tó pọ́n, ní orí 8 ìwé rẹ̀, ìdájọ́ ni Olúwa sì fi ṣàlàyé rẹ̀ fún un, nítorí àwọn tó ń tẹ tálákà mọ́lẹ̀. Agbọ̀n tó rẹwà lè jẹ́rìí gbè wá, ó sì lè jẹ́rìí takò wá.

Ẹnìkan lè ní, “Akọ̀wé, bí a bá fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, rúdurùdu á dé.” Òótọ́ ni, ètò dára. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin fún àjọ̀dún ti ọdún yìí.

Èkíní, odindi èso là ń gbé síwájú pẹpẹ. Ẹ̀yìn àdúrà ìbùkún ni ọ̀bẹ yóò tó kàn án.

Èkejì, ẹnikẹ́ni tó bá mú èso wá, ó kéré tán ọ̀kan nínú tirẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn lórí tíréè. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ni yóò wá bí yóò ṣe bá a mu. Iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, láàárín wákàtí kan ni a ó pín in tán. Àwọn ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà arúgbó, lẹ́yìn náà àlejò, ìgbìmọ̀ ló kẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oyin kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan; àwọn dókítà kìlọ̀ fún wa.

Ẹ̀kẹrin, a ó yọ apá kan sọ́tọ̀ ní odindi fún àwọn ará wa tí àìsàn dá dúró sílé. Àwọn ọ̀dọ́ yóò gbé e lọ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí a tó fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé, a lọ bá ìyá náà nílé. A dọ̀bálẹ̀, a sọ bí gbogbo rẹ̀ ti rí. Ó wò wá títí. Ó ní, “Mo mọ̀. Mo rí náílọ́ọ̀nù mi lábẹ́ tábìlì nígbà tí mò ń jáde.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, “Àwọn ọmọ wo ló wá jẹ ẹ́?” A dárúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí á dìde.

A dìde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Nínú gbogbo èso ọjọ́ náà, èyí tí a kò jẹ́ kó dé pẹpẹ ló ṣe iṣẹ́ tí pẹpẹ wà fún. Kì í ṣe nípa ọgbọ́n wa. Àánú Olúwa ni.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Oníyanrìn ni orúkọ àdúgbò wa, ṣùgbọ́n àdúrà wa ni pé kí a má kọ́ ilé ìgbàgbọ́ wa lé orí yanrìn. Bí ẹ bá rí tíréè lónìí, ẹ yìn ín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ tábìlì bóyá ohun ẹnìkan wà níbẹ̀. Kí Olúwa gba ọrẹ wa, kí ó sì jẹ́ kí ojú gbogbo wa tún rí àjọ̀dún tó ń bọ̀. Àmín.