Oore àti Ìbò ní Ilẹ̀ Òkun

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú nípa òwe yìí: bí a bá ṣe ẹnì kan ṣoṣo lóore, ta ni yóò san gbèsè ọpẹ́ náà? Ṣé òun nìkan ni, àbí gbogbo ilé àti ìlú rẹ̀? Fún èmi tí mo jẹ́ ọmọ Mopa, ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí òun ni mo rí ní ìdí ìṣèlú ilẹ̀ wa.

Mopa wà ní ilẹ̀ Òkun, níbi tí ilẹ̀ Yorùbá ti ń lọ sópin ní apá ìlà-oòrùn. Èdè wa, orúkọ wa àti oríkì wa, ti Yorùbá ni. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn òyìnbó ń pín ilẹ̀, wọ́n kó wa pọ̀ mọ́ Kàbà, wọ́n sì fi Kàbà sí abẹ́ ìjọba Àríwá. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ wá di ará Òkè Ọya, bẹ́ẹ̀ ìhà ìhín odò Ọya ni a wà, a kò kọjá rẹ̀ rí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink jókòó ní 1957 sí 1958, ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ sí Ọlọ́pẹ, bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ Ìlọrin àti Kàbà kúrò lára Àríwá, kí wọ́n fi wọ́n kún Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ náà kò yí ààlà padà. Àwa ni a wá di gúúsù Àríwá.

Ohun tí ó máa ń ya àwọn ará Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa tí ó kàwé kò sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn Yorùbá ìsàlẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ onítẹ̀síwájú, NPC ni àwọn wọ̀nyí bá lọ, ìyẹn ẹgbẹ́ Sàdáúná, ẹgbẹ́ àwọn tí ó fẹ́ kí ilé àwọn ọba dúró bí ó ṣe wà. Kì í ṣe gbogbo wa o. Ọlọ́pẹ ní ènìyàn tirẹ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n àdììtú ni ọ̀rọ̀ náà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú, àwọn tí ó sá là á sì gun orí òkè àpáta. Ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ Royal Niger ṣẹ́gun Bídà. Kò tó ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn èyí tí ọmọ ọmọ àwọn tí ó sá gun òkè fi ń bá ìjòyè Àríwá jókòó, tí wọ́n ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ilé náà.

Mo ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ara mi, n kò sì gbà pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Láti 1908 tí Tommy Titcombe ajíhìnrere ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ni ìwé ti ń wọlé sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí ó di àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, Àríwá ń wá ọmọ bíbí inú rẹ̀ tí ó mọ̀wé láti fi dípò àwọn ará Gúúsù ní ọ́fíìsì ìjọba. Yorùbá tí ó ti Abẹ́òkúta wá, àlejò ni. Yorùbá tí ó ti Mopa wá, ọmọ onílé ni. Ilẹ̀kùn Kàdúná ṣí sílẹ̀ fún wa. Bí wọ́n bá sì ti dà wá pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀yìn àwọn tí ó ti kàwé ṣáájú wa ni à bá tò sí.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí àwọn ará Ítálì dìbò ní June 1946 láti mọ̀ bóyá kí ọba wà tàbí kí ó má wà, àríwá wọn ní kí ọba máa lọ, gúúsù wọn tí ó tálákà jù ní kí ó dúró. Ní Naples, ó ju ẹni méje lọ nínú mẹ́wàá tí ó dìbò fún ọba. Tálákà mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ èyí tí wọ́n ṣèlérí.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọpẹ́, mo gbọ́dọ̀ dárúkọ Olóyè Sunday Awoniyi, Aró Mopa. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba Àríwá nígbà Sàdáúná, wọ́n sì pa Sàdáúná ní January 15, 1966. Ogójì ọdún lé kọjá, olóyè yìí kò sẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Yorùbá ni, Kristẹni sì ni, síbẹ̀ nígbà tí ó kú ní 2007, òun ni alága Arewa Consultative Forum. Ní orílẹ̀-èdè tí àwọn olóṣèlú ti ń pààrọ̀ ẹgbẹ́ bí ẹni pààrọ̀ agbádá, mo bọ̀wọ̀ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oore tirẹ̀ ni ó dúpẹ́ fún. Tèmi ńkọ́?

Káfíńtà ni bàbá mi. Ó fẹ́ràn Ọlọ́pẹ nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń jẹ ní Òmùò lẹ́bàá ààlà, nígbà tí àwa ń sanwó. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní Kàdúná, òun ni ó sì ń fi owó ilé-ìwé mi ránṣẹ́. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a dìbò ní December 1959, lẹ́tà rẹ̀ dé. Kò halẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn béèrè iye tí owó ilé-ìwé tèmi yóò jẹ́ ní ọdún tí ń bọ̀. Bàbá mi ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìbò fún NPC. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. N kò lè dá a lẹ́bi, nítorí ìwé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìbò náà ni a fi rà á.

Ìyá mi kò dìbò. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́ o. Obìnrin kò gbọ́dọ̀ dìbò ní Àríwá ní ọjọ́ náà, nítorí bí àwọn tí ó ni ilé ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, àwọn àgbà wa tí ó wà ní Kàdúná kò sì rí i bí ohun tí ó yẹ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ bínú. Ìyá kan, bàbá kan ni ó bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Òmùò. Ẹ̀gbọ́n dìbò ní tirẹ̀. Nígbà tí ó wá kí wa ní ọdún Kérésìmesì, ó ròyìn bí òun ti wọ aṣọ tuntun tò sórí ìlà pẹ̀lú ọkọ òun. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé gbèsè ọpẹ́ tí ilé wa san, wọ́n mú nínú àpò ẹni tí wọn kò bi léèrè.

Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa máa ń bi mí pé kí ni ọpẹ́ náà tilẹ̀ mú wá. Wọ́n á ní láti 1991 tí ìpínlẹ̀ Kogí ti wà, a kò tíì dìbò yan ọmọ Òkun sí ipò gómìnà. Clarence Olafemi tiwa ní Mopa kàn di í mú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní 2008 gẹ́gẹ́ bí olórí ilé aṣòfin ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìṣirò ọjà ni. Bí a bá tilẹ̀ ti jẹ gómìnà ní ìgbà mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ìyá mi ṣì wà níbẹ̀.

Ọdún 1979 ni òun náà tó dìbò yan ìjọba orílẹ̀-èdè. Èmi ni mo mú òun àti bàbá mi lọ. Bí a ti ń padà bọ̀, bàbá mi bi í pé ẹgbẹ́ wo ni ó tẹ̀ka fún. Ó ní, “Ní ọjọ́sí tí ẹ̀yin dìbò fún Kàdúná, ṣé ẹ bi mí?” Bàbá mi kò tún sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé, títí tí ìyá mi sì fi kú, kò sọ ẹgbẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni.