Omi Tí Ń Jò Nínú Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́



Ìbéèrè kan wà tí ó dàbí ọ̀ràn àwọn mẹkáníìkì nìkan, ṣùgbọ́n tí ó kan ẹ̀rí-ọkàn ẹnikẹ́ni tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ láti tà: bí a bá dí ibi tí ẹ́ńjìnnì gbé ń jò fún ìgbà díẹ̀, tí a sì tà á kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀, ǹjẹ́ a ha purọ́ bí, nígbà tí ẹnu wa kò sọ ọ̀rọ̀ èké kan?

Ẹ jẹ́ kí a fi Peugeot 504 ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1968 ni a kọ́kọ́ fi í han aráyé ní Paris. Ní 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀ títí di òní bí ẹni ń tọ́jú àgbà. Bí ó ti ń gbó, omi a máa wá ọ̀nà jáde nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ róbà ni ó sán, tàbí rédíétọ̀ ni ó lu, ojú yóò rí i, nítorí omi yóò kán sílẹ̀. Èyí tí ń jò sínú ni ó burú. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì náà, irin ni ara rẹ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, orí náà a wọ́, gáskẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín wọn a sì jó. Nígbà náà, ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ a gbẹ, síbẹ̀ omi ń dín. Bí omi bá sì bọ́ sínú epo ẹ́ńjìnnì, epo náà a dà bí ògì.

Gbogbo mẹkáníìkì ni ó mọ ohun tí ó yẹ: kí a ṣí orí ẹ́ńjìnnì, kí a fá ojú rẹ̀ bí ó bá wọ́, kí a sì fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Owó gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá wà. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn awakọ̀ ti ń da funfun ẹyin sínú rédíétọ̀: omi gbígbóná a sè é, a sì gbé e lọ dí ihò. Oògùn inú agolo ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Èmi kò fẹ́ràn wọn, nítorí wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ihò tí ó yẹ kí a dí àti ọ̀nà tóóró tí omi rédíétọ̀ ń gbà. Síbẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà lóru, tí ó fi ẹyin dé ilé, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹyin kan náà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀, ti di ohun mìíràn.

Olùtajà yóò wí pé, “Bí ó ṣe wà ni mo ṣe tà á; ó sì mú mẹkáníìkì tirẹ̀ wá.” Àwíjàre yìí lágbára ju bí àwọn oníwàásù kan ti rò lọ, nítorí ẹni tí ó ra ọkọ̀ tí ó ti lé ní ogójì ọdún kò gbọdọ̀ retí tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti da oògùn sí i kò tà á bí ó ṣe wà mọ́. Ó ti kọ́kọ́ fọ́ mẹkáníìkì náà lójú kí ó tó ní kí ó wò ó.

Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Thomas Mímọ́ ti Aquino gbé irú ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò nínú Summa Theologiae. Bí ẹṣin bá jẹ́ olójú kan, ojú rí i. Olùtajà kò ní láti sọ ọ́, bí ó bá ti dín owó rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n àbùkù tí ó fara sin, tí ó lè fa ewu tàbí òfò, dandan ni kí ó sọ ọ́. Kò ní kí a pe akéde láti polongo rẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn yóò sá kí wọ́n tó mọ ohun tí ó dára nínú ọjà náà. Ẹni tí ó bá wá rà ni kí a sọ fún.

Ewu sì wà nínú ọ̀ràn tiwa: ẹ́ńjìnnì tí omi rẹ̀ gbẹ lè kú lójijì lójú ọ̀nà, lóru, pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ọkọ̀. Ẹni tí kò ní owó àtúnṣe ńkọ́? Kò sí ohun tí ó fi ipá mú un láti tún un ṣe kí ó tó tà á. Kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ó ṣí ìdérí rédíétọ̀ níṣojú oníbàárà, kí ó fa irin tí a fi ń wo epo yọ, kí ó sì wí pé, “Ẹ wò ó, ó ń jẹ omi. Mẹkáníìkì ní gáskẹ́ẹ̀tì ni. Iye tí ó ní yóò gbà nìyí; mo ti yọ ọ́ kúrò nínú owó ọkọ̀.”